Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ìtọ̀ yá l'Ékòó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lórí ohun tí ẹ kọ nípa àìsàn tí kò gbóògùn mọ́, mo fẹ́ kí ìjọba Èkó ra ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ àti kámẹ́rà dá kòkòrò àìfojúrí mọ̀ sí àwọn ilé ìwòsàn wa.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi retí èsì láàbù nígbà tí ìtọ̀ ń ta ọmọ mi bí ata. Kó tó dé, ó ti gbé kápúsù oníkẹ́míìsì mì tán, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná. Èsì wá ní oògùn yẹn ò lè pa kòkòrò náà!

Ẹ̀rọ tí mo ń wí yìí, ti Sweden, tó gba ẹ̀bùn Longitude (ẹ̀bùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àyẹ̀wò tó ń tètè fi oògùn tó lè pa kòkòrò hàn) ní 2024, ń ṣọ́ bóyá kòkòrò inú ìtọ̀ ṣì ń dàgbà nínú oògùn, èsì á sì jáde láàárín ìṣẹ́jú 45. Kí wọ́n fi ọ̀kan sí Múṣin ná.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, aránṣọ,
Múṣin, Èkó