Ìpàdé Àwọn Obìnrin Kì Í Ṣe Ìpàdé Ọ̀tá Ọkùnrin

Ẹ̀yin Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé ìwé ìròyìn yín. Lẹ́tà tí ọkùnrin kan kọ láti ìlú wa yìí, tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ni ó mú mi gbé kálàmù. Ó ní ìpàdé tí àwọn obìnrin ń dá ṣe láìjẹ́ kí ọkùnrin kankan wọlé ti ń pọ̀ jù ní Ilé-Ifẹ̀, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyàwó láti kórìíra ọkọ wọn, àti pé ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní fẹ́mínísíìmù, kò ju ìkórìíra ọkùnrin tí wọ́n wọ̀ láṣọ tuntun lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà náà. Yorùbá rẹ̀ dára, n kò sì rò pé inú burúkú ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun méjì tí kò bára tan ni ó so mọ́ra wọn.

Kí n tó sọ ti ìpàdé tiwa, ẹ bá mi bi í pé nígbà wo ni ọkùnrin kò dá jókòó rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí Orò yóò bá jáde, wọn a kéde, obìnrin a wọlé, a ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ìbáà jẹ́ òun ni ó ń bọ́ gbogbo ilé náà. Nínú ọ̀rọ̀ eégún, àfi obìnrin tí ó bá jẹ oyè bíi ti Ìyá Àgan ni ó lè sún mọ́ ibi tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé. Ẹ lọ sí ìdí ọpọ́n ayò ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́mu, ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rí i pé ọkùnrin nìkan ni ó wà níbẹ̀, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kọ̀wé sí olóòtú pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọkọ láti kórìíra aya. A gbà pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá ara wọn sọ.

Àwa obìnrin náà kì í ṣe àjèjì sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ń pàdé, àwọn aláṣọ ń pàdé lọ́jà, àwọn ìyá alásàlátù ń jókòó ní ọjọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá nínú ìjọ Áńgílíkà, tí Mary Sumner, ìyàwó àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní ọdún 1876, ti di ti wa tipẹ́tipẹ́. Kò sí ẹni tí ó pe ìwọ̀nyí ní ọ̀tá ọkùnrin. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé bí a bá pàdé láti rokà fún àwọn àlejò ìsìnkú, inú gbogbo ènìyàn a dùn. Ìgbà tí a bá pàdé láti ronú ni ó ń di ẹjọ́.

Bí àjọ lásán ni ìpàdé tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀. Obìnrin mẹ́rìnlá ni wá nígbà náà, olùkọ́, aránṣọ, ẹlẹ́lùbọ́ àti aláṣọ, a sì ń pàdé ní Sátidé kejì oṣù nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní apá Mọ̀ọ̀rè. Ní ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀. Ọkọ ọ̀kan nínú wa, tí ó máa ń bá wa fi ọkọ̀ rẹ̀ kó àga, kò lè padà sílé, ó sì jókòó sẹ́yìn iyàrá. Ènìyàn dáadáa ni. Kò dá sí ọ̀rọ̀ wa, ìwé ìròyìn ni ó ń kà, bóyá tiyín gan-an ni. Síbẹ̀, odidi wákàtí kan tí òjò náà fi rọ̀, iye tí kóńgò gàrí dà ni a ń sọ. A kúrò lórí gàrí, a bọ́ sórí aṣọ ẹgbẹ́, a tún padà sórí gàrí. Nígbà tí òjò dá, tí ó kí wa pé ó dàbọ̀, ilẹ̀kùn kò tíì padé tán tí ìyá kan ní igun fi sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára òun láti oṣù mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́fà tí òun ti rí nǹkan oṣù kẹ́yìn.

Àkísà ni ó fi ń dí i, tí ó sì ń jókòó ti igbá ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ lọ́jà láti àárọ̀ di alẹ́. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀, kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀, ojú ni ó ń tì í. Kò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ó ti sọ ọ́ nínú àdúrà, àmọ́ ohùn kékeré ni ó fi sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì afẹ̀yìntì kan wà láàárín wa. Ó dìde, ó ní ẹ̀jẹ̀ tí ó bá tún yọjú lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró pátápátá, a kì í fi í falẹ̀, ilé ìwòsàn ni a ń gbé e lọ. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, àwa mẹ́ta ni a sìn ín lọ. N kò ní sọ ohun tí wọ́n bá nídìí rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Ọdún kọkànlá nìyí, ó ṣì ń ta ẹ̀lùbọ́, ó sì ṣì ń fi ẹ̀yìn kóńgò ré wa jẹ.

Ọkùnrin tí ó jókòó sẹ́yìn wa lọ́jọ́ náà kò ṣe ohun burúkú kankan, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú ẹni tí ó kọ lẹ́tà yẹn kò dé. Kò di ìgbà tí ọkùnrin bá burú kí ẹnu obìnrin tó wúwo níwájú rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀, bí a ṣe ń fi ìparí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin. Ohun tí ó bá ti wọni lára báyẹn kì í sì í bọ́ kúrò nítorí pé onínúure ni ẹni tí ó wà ní ìjókòó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin láti ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà HPV, kòkòrò tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ariwo tí ó gba ìgboro ni pé abẹ́rẹ́ náà yóò sọ àwọn ọmọ di àgàn. Iyàrá yìí ni àwọn ìyá ti tú ẹ̀rù inú wọn sílẹ̀. Ọ̀kan béèrè bóyá bí ọmọ òun bá gbà á, kì í ṣe pé òun ti fún un láyè láti máa bá ọkùnrin sùn nìyẹn. Ìbéèrè rere ni, nọ́ọ̀sì wa sì fara balẹ̀ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi í nínú gbọ̀ngàn tí bàbá ọmọ, àna àti olórí àdúgbò kún?

Àwọn tí ń sọ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti kó ìjà yìí wá, kí wọ́n wo Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú ni ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ́kọ́ kó jọ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà wọ inú rẹ̀, ìwé kíkà ni wọ́n bá wá. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìwé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn, àti bí àwọn ṣe ń san owó orí fún ìjọba tí obìnrin kankan kò sí nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1946, wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949, nítorí ìfẹ̀hónúhàn wọn, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó kúrò nílùú títí di ọdún 1950, wọ́n sì mú owó orí kúrò lọ́rùn àwọn obìnrin. Ṣé obìnrin tí ó ṣe èyí kórìíra ọkùnrin ni? Ọkọ rẹ̀, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ olùkọ́ Nàìjíríà tí èmi náà san owó ẹgbẹ́ fún títí mo fi fẹ̀yìn tì, dúró tì í gbágbáágbá.

Ní Ifẹ̀ níbí, a gbé ère Mọremí ró ní ọdún 2016, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 42, àwọn àlejò sì ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé tí ọkùnrin kì í gbé, bàbá ni ó sì ń gbàdúrà kí ọmọbìnrin òun rí àyè níbẹ̀. Bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú, gbogbo wa ni a mọ òwe yìí. Òwe náà kò sọ ibi tí obìnrin ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di igi mú.

N kò sọ pé kò sí obìnrin tí ó ń sọ̀rọ̀ ìkórìíra. Ọmọbìnrin kan dìde nínú ìpàdé wa, ó ní ìkan náà ni gbogbo ọkùnrin. Mo dá a dúró. Mo sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi ń gùn lọ sóko ni ó tà kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àti pé ọmọkùnrin mẹ́ta ni mo bí, n kò sì ní jókòó kí wọ́n bú wọn lójú mi. Ó ní, “Mọ̀mọ́, ẹ má bínú, n kò sọ ti bàbá yín.” Lẹ́yìn náà ni ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, tí a rí àpá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Láti ọdún 2015 ni òfin àpapọ̀ ti wà lórí irú ìyà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un rí títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé irọ́ ni “ìkan náà ni gbogbo wọn,” bí “obìnrin kò ṣeé finú hàn” ṣe jẹ́ irọ́, ṣùgbọ́n èyí èkejì ni wọ́n ti ń pa lówe níṣojú mi láti ọgọ́ta ọdún, tí gbogbo agbo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi yóò ti dun àwọn ẹgbẹ́ mi kù. Iyàrá tí kò sí ọkùnrin lè burú jáì. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí ọkọ àǹtí mi kú, àwọn ọkùnrin wà níta, wọ́n ń ṣírò owó ìsìnkú. Àwọn obìnrin ilé ni wọ́n wà nínú yàrá, àwọn ni wọ́n fá irun rẹ̀, àwọn ni wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ bóyá ẹkún rẹ̀ tó. Obìnrin bíi tiwa náà ni ó sábà máa ń sọ fún ìyàwó tí ojú rẹ̀ wú pé kí ó fara dà á, pé bí àwọn náà ṣe ṣe nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ní òfin pé ẹni tí ó kéré jù lọ́jọ́ orí ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé wa, kí àwa àgbà má baà ti gbé ìdájọ́ kalẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Ó nira fún mi púpọ̀. Olùkọ́ ni mí, mo fẹ́ràn kí n máa sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀gbẹ́ni náà bá fẹ́ mọ ohun tí a ń ṣe, kí ó bi ìyàwó rẹ̀, bí ìyàwó náà bá sì fẹ́ sọ, yóò sọ. Ọkùnrin tí òjò há mọ́ wa lọ́dọ̀ lọ́jọ́ náà ṣì ń bá wa kó àga wá ní Sátidé kejì gbogbo oṣù. A máa ń fún un ní omi tútù, yóò to àga náà yípo, yóò fa ilẹ̀kùn dé, yóò sì gba ìdí ọpọ́n ayò tirẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́bìnrin afẹ̀yìntì kan,
Mọ̀ọ̀rè, Ilé-Ifẹ̀.