Ta ló ń bá àwọn àgbà wa jẹun?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀kún o. Àwọn ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Kàbà tó wà ní Èkó àti Àbújá ń fowó ránṣẹ́ sílé, wọ́n ń ra iṣu fún ìyá, wọ́n ń sanwó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún bàbá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá àwọn òbí yìí jẹun? Àgbà tó bá ń dá jẹun kì í pẹ́ dẹ́kun oúnjẹ gidi. Á mu ẹ̀kọ láàárọ̀, á mu gààrí lọ́sàn-án, á ní òun ti yó.

Ẹ̀kọ, gààrí àti iyán ń fúnni lókun, ṣùgbọ́n pùròtéènì tó ń mú iṣan dúró kò tó nǹkan nínú wọn. Àgbà tó wọn kílò 60 nílò tó gíráàmù 60 sí 72 lójúmọ́. Ẹyin kan ní bíi 6. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní bíi 22. Bí kò bá tó, iṣan itan á joro, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, bí wọ́n bá sì ṣubú, egungun ìbàdí lè kán.

Fún ẹni tí kò léyín mọ́, ẹ bó ẹ̀wà, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ lu ẹyin méjì sí i, ẹ fi edé lílọ̀ àti epo díẹ̀ kún un, kí ẹ fi se ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó rọ̀. Ẹ yọ eegun ẹja kí ẹ tó bù ú fún wọn. Tó bá jẹ́ ẹ̀wà sísè, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú dípò káún, nítorí káún náà ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga bí iyọ̀. Iyọ̀ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, ti mágí sì wà nínú rẹ̀.

Omi ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kì í mu ún kí wọ́n má baà máa dìde tọ̀ lóru. Ìgbẹ́ á gan, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á dàrú, ará ilé á ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu omi inú ọ̀rá mẹ́ta kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, àfi ẹni tí dókítà ti dín omi rẹ̀ kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lọ́dún 2003 lórí àwọn ẹni ọdún 65 sókè ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Kogí sì wà níbẹ̀. Àwọn tó ní alábàárò, tí wọ́n ṣì ń bá ẹbí àti ìlú ṣe nǹkan, ni ayé wọn dùn jù. Ní Amẹ́ríkà, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa ìwádìí 148 pọ̀ lọ́dún 2010, wọ́n sì rí i pé ẹni tó lẹ́ni lẹ́yìn ń pẹ́ láyé ju adáwà lọ.

Nítorí náà, ẹ yan ọmọ-ọmọ tàbí aládùúgbò kan tí yóò máa bá wọn jẹ oúnjẹ alẹ́, kí ẹ sì fi owó oúnjẹ tirẹ̀ kún èyí tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Bí ẹsẹ̀ ìyá kò bá gbé e dé ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, kí ẹgbẹ́ gbé ìpàdé wá sílé rẹ̀. Ẹ máa wọ̀n wọ́n lóṣooṣù. Bí ẹni kílò 60 bá fi kílò mẹ́ta fúyẹ́ sí i láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera kan,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí