Aṣọ ẹbí Màmá

Ìtokú, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àìkú.

Fọláṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Mo rí àwòrán aṣọ ẹbí tí o fi ránṣẹ́. Ó wù mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó sanwó yáàdì 200, ní sùúrù díẹ̀. Èyí tí wọ́n pè ní àdìrẹ yẹn, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Wo àwòrán kẹta dáadáa: ẹni tó ń tà á ò mọ̀ pé òun ti fi ẹ̀yìn aṣọ hàn, ó ṣá bí ohun tí oòrùn ti pa. Aṣọ tó bá wọ ìkòkò aró, aró á mu iwájú rẹ̀, á mu ẹ̀yìn rẹ̀.

Lánàá mo lọ bá ìyá kan tó ń rẹ aṣọ ní Kẹ́mta nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Aró ti gba ọwọ́ wọn dé ìgúnpá. Wọ́n fa aṣọ kan jáde, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ní. Atẹ́gùn kàn án báyìí, ló bá ń di búlúù lójú mi. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, àfi lánàá ni mo tó dúró wò ó! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọbìnrin kan ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, èkejì ń fi ìko di tirẹ̀, ìyàwó ọmọ wọn sì ń ha ẹ̀kọ kúrò lára èyí tó ti gbẹ. Kí aṣọ kan tó dọ́wọ́ oníbàárà, ẹni mẹ́rin ti jẹ níbẹ̀.

O máa ní, aṣọ funfun tí wọ́n ń rẹ ńkọ́? Òótọ́ ni, òkèèrè ló ti ń wá. Ó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àdìrẹ Ẹ̀gbá ń gbayì láyé àwọn ìyá wa àgbà, aṣọ funfun Manchester, ìlú tí o wà yẹn gan-an, ni wọ́n ń rẹ. A padà ní ilé iṣẹ́ tó ń hun tiwa. Èyí tó wà ní Kàdúná, United Nigerian Textiles, ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2007. O rántí bí Bàbá mi ṣe kó ẹrù wọn dé láti Ìkẹjà nígbà tí iṣẹ́ aṣọ tiwọn parí. Sódà àti háídírò, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú aró náà, a ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará ibòmíràn. Ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló kù tó jẹ́ tiwa, òun ni mo ní kí o fowó rẹ rà.

Mi ò ní kí o gba gbogbo ti ilé gbọ́ o. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ọ̀kan tí wọn ò fọ̀ dáadáa, ọrùn mi di búlúù níbi ìgbéyàwó, àwọn kan ń bi mí bóyá ara mi ò yá. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ìyá yìí fọ tiwa lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi. Owó wọn ga ju ti àwòrán rẹ lọ. Bí 200 bá pọ̀ jù, ra 120: kí ẹbí wọ aṣọ, kí àwọn ọ̀rẹ́ we gèlè.

Òjò ti ń rọ̀ níbí, aṣọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ iye yáàdì kó tó di Ọjọ́rú. Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé nínú àwọn ọnà àdìrẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Olókun ni mo bá wọn yàn.

Èmi ni tìẹ,
Ìyábọ̀.