Ó rẹ̀ mí, ó sú mi, agara dá mi

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá ńkọ́, ṣé ara wọn le? Mo mọ̀ pé mo jẹ ọ́ ní lẹ́tà. Iṣẹ́ kan ló gbà mí lọ́kàn, ó sì pẹ́ tí mo ti fẹ́ rò ó fún ọ.

À ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè kan sí Yorùbá fún àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 60. Pittsburgh Fatigability Scale ni wọ́n ń pè é, òṣùwọ̀n bí iṣẹ́ ṣe ń rẹ èèyàn tó. Nancy Glynn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní 2015. Ìbéèrè 10 péré ni. Kì í kàn béèrè pé "Ṣé ó ń rẹ̀ yín?" Ó máa ń dárúkọ iṣẹ́ àti àsìkò: ìrìn pẹ̀lẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìjókòó jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan, báwo ló ṣe máa rẹ ara yín tó? Ọpọlọ yín ńkọ́? Òdo ni "kò rẹ̀ mí rárá", 5 ni "ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu".

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyí. Bi àgbàlagbà bóyá ó ń rẹ̀ ẹ́, ó lè ní rárá, kò sì parọ́. Ó ti dín ìrìn kù ni. Ẹni tó ń rìn yí àdúgbò ká tẹ́lẹ̀ tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́, níbo ni yóò ti rẹ̀ ẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ dá wa dúró. "Àárẹ̀" la kọ. Ìwọ náà mọ̀ pé tí wọ́n bá ní "àárẹ̀ mú bàbá", àìsàn ni wọ́n ń sọ. Ìyá àgbà kan tí mo ka ìbéèrè àkọ́kọ́ sí létí gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àárẹ̀ mú mi." Òdo ni wọ́n fún mi títí dé ìparí, títí kan iṣẹ́ ọgbà tó le fún wákàtí kan. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbá àga mú kí wọ́n tó lè dìde. Àdúrà ni wọ́n ń gbà ní gbogbo àsìkò tí mo rò pé wọ́n ń dáhùn! "Ó rẹ̀ mí" la wá ń lò báyìí.

Ti ọpọlọ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa méjì la túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ká tó pa á pọ̀. Èmi kọ "àárẹ̀ ọpọlọ", ẹnì kejì kọ "àárẹ̀ ọkàn". Ẹni tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí ló tú u padà: tèmi di àrùn ọpọlọ, tirẹ̀ di ìrẹ̀wẹ̀sì. A wá fi gígùn kọ ọ́: "bí ẹni tó ti ronú títí tí kò lè ronú mọ́". "Sú" àti "agara" la yọ dànù, nítorí ohun tó sú èèyàn lè má rẹ̀ ẹ́ rárá.

Ó ku ká mọ̀ bóyá ó ń wọn ohun tí a ní kó wọ̀n. A máa tún bi àwọn kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a sì máa wo ìrìn wọn pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Bí a bá ro nọ́ńbà ìbéèrè 10 náà pọ̀, 50 ló ga jù; 15 sókè ní ti ara ni àwọn tó ṣe é ń kà sí èyí tó pọ̀. Mi ò fẹ́ ká gba 15 yẹn fún èdè tiwa láìdán an wò.

Jọ̀wọ́, ka èyí sí ìyá létí: "Ká ní ẹ rọra rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lónìí, báwo ló ṣe máa rẹ ara yín tó, láti òdo dé márùn-ún?" Bàbá kan dá mi lóhùn pé, "Ìrìn tí mi ò rìn, báwo ló ṣe máa rẹ̀ mí?" Bí ìyá náà bá sọ bẹ́ẹ̀, má ṣàlàyé fún wọn. Bí wọ́n bá ní "Ìrìn sí ibo?", kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá jáde lẹ́nu wọn kí wọ́n tó mú nọ́ńbà ni mo fẹ́ jù.

Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ń retí rẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́