Ibi kan ṣoṣo ló yẹ kí ìdílé tí kò rílé gbé máa gbà lọ

Sí Olóòtú,

Bí iná bá jó ilé, tí àgbàrá bá gbé e, tàbí tí onílé bá lé ìdílé kan síta ní Ìbàdàn, kì í ṣe pé kò sí aláàánú. Ṣọ́ọ̀ṣì á gbé ìrẹsì wá, mọ́ṣáláṣí á dá owó jọ, àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà á kọ orúkọ ìdílé náà sílẹ̀, àwọn tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì á kó ẹní àti bùláńkẹ́ẹ̀tì wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdílé ọ̀hún ṣì ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù tàbí nínú ilé tí wọn kò tíì parí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnìkejì ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń wá yàrá.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tó wà ní ìgboro ni pé kí wọ́n ya tábìlì kan àti òṣìṣẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí gbogbo wa máa darí ìdílé sí. Kí fọ́ọ̀mù ibẹ̀ má ju ojú ìwé kan lọ: orúkọ wọn, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, ilé ẹ̀kọ́ wọn, ibi tí òbí ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, iye tí wọ́n lè san lóṣù. Bó bá jẹ́ obìnrin tó sá fún ọkọ tó ń lù ú, àdírẹ́sì tuntun kò gbọdọ̀ sí lórí fọ́ọ̀mù náà rárá. Ẹ má sì rò pé abẹ́ bíríìjì Mókọ́lá nìkan la ti ń rí wọn. Tíṣà tí ọmọ ń sùn ní kíláàsì rẹ̀, àti nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, kí wẹ́fíà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ṣojú ètò ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ onílé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jókòó fún wákàtí kan. Ìdílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ wọn wà lọ́rùn rẹ̀.

Yàrá wà o. Ní Bẹẹrẹ, ní Òjé, ní agbègbè Ọjà'ba, yàrá wà nínú agboolé tí wọ́n ti tì pa láti ìgbà tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti kú tàbí tó ti kó lọ sí Èkó. Mógàjí, olórí agboolé, mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé ẹbí ni. Bí Mógàjí nìkan bá gbà, ọmọ ẹbí kan lè dé lóṣù kẹta kó ní kí àlejò kó jáde. Nítorí náà, kí àgbà kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí, buwọ́ lu ìwé pẹ̀lú Mógàjí.

Kí owó tó jáde, ẹ wo òrùlé, ẹ wo bóyá gbèsè wà lórí mítà iná, ẹ bi àwọn aládùúgbò ibi tí omi dé lọ́jọ́ àgbàrá ńlá 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ pẹ̀lú. Yàrá Mọ́níyà lè dínwó, ṣùgbọ́n fún ìyá tó ń tajà ní Dùgbẹ̀, owó ọkọ̀ á gbé èrè mì.

Ibi owó gan-an ni nǹkan ti máa ń dàrú. Ká ní yàrá kan jẹ́ 10,000 náírà lóṣù. Ti ọdún kan jẹ́ 120,000. Bí ajẹ́ńtì bá gba ìdá mẹ́wàá fún agírímẹ́ǹtì àti ìdá mẹ́wàá fún kọmíṣọ́ọ̀nù, 24,000 nìyẹn. Bí onílé bá tún gba 10,000 dání nítorí ohun tó lè bàjẹ́, ó di 154,000. Bí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá ṣèlérí ẹ̀, tí ọ̀kan bá falẹ̀, ẹlòmíràn á gba yàrá náà. Kí owó wà nílẹ̀ kí a tó bá onílé sọ̀rọ̀. Àkáǹtì onílé ni kí a san án sí, kí rìsíìtì àti agírímẹ́ǹtì sì jẹ́ orúkọ ìdílé tó ń wọlé. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá kúrò, ìdílé kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Ní ti àwọn ọmọ, òfin ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan títí dé JSS 3. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ má dá ọmọ padà torí pé ìwé rẹ̀ jóná.

Lẹ́yìn oṣù méjìlá, owó ilé tún dé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń padà síta. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àjọ: 330 náírà lójúmọ́ á kó owó ọdún tó ń bọ̀ jọ lórí yàrá tí a fi ṣàpẹẹrẹ yẹn. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn wà lọ́rùn rẹ̀ máa yẹ káàdì alájọ wò lóṣooṣù.

Ẹni tí wọn kò tíì lé jáde náà yẹ kó rí ọ̀nà dé tábìlì yìí. Ìwé ọjọ́ méje tí onílé fi ń léni kì í ṣe àṣẹ kóòtù, onílé kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ilẹ̀kùn tàbí ká páànù fúnra rẹ̀. Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń pèsè lọ́yà ọ̀fẹ́, àti FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà, máa ń gba ẹjọ́ àwọn tí kò lówó lọ́yà. Bó bá sì jẹ́ gbèsè oṣù méjì ló fà á, 20,000 náírà ni tábìlì á san dípò 154,000, àwọn ọmọ ò sì ní sùn síta lóru kan.

Àwa òṣìṣẹ́ àti olùyọ̀ǹda ara ẹni lórí ọ̀rọ̀ ilé,
Ìbàdàn