Àbẹ̀kẹ́, ìta ni kí o ti dán firewall rẹ wò

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ kú oríire ilé tuntun. O ní wọ́n ti fa íntánẹ́ẹ̀tì wọlé fún yín ní Leeds, pé firewall orí kọ̀ǹpútà rẹ, ètò tó ń dènà àjèjì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, sì ń fi àmì aláwọ̀ ewé hàn, nítorí náà kò séwu. Àmì yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó ń sọ kò ju pé firewall ń ṣiṣẹ́ lọ. Kò sọ ohun tí ẹni tó wà níta ń rí.

Lọ sí ShieldsUP!, ìdánwò ọ̀fẹ́ tí Steve Gibson ṣe. Yóò máa kan àwọn port rẹ, ìyẹn ẹnu ọ̀nà onínọ́ńbà tí ìsọfúnni ń gbà wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. "Stealth" ni pé ẹnikẹ́ni kò dáhùn. "Closed" ni pé wọ́n dáhùn pé àwọn kò ṣí. Ìyẹn náà kò burú. Bí o bá rí "open" tí o kò mọ ìdí rẹ̀, pè mí kíá. Wo port 445 dáadáa. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà ń ràn láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà ní oṣù Karùn-ún 2017, tí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) kan fi ń darí aláìsàn lọ síbòmíràn. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, o mọ ìnira tó wà nínú ìyẹn.

Bí èsì bá tilẹ̀ dára, router, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, ló sábà máa ń dáhùn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà rẹ. Bí o bá sì tan VPN ibi iṣẹ́, ọ̀nà àdáni tó ń gba inú ẹ̀rọ wọn kọjá, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tiwọn lò ń dán wò. Kọ́kọ́ pa VPN náà. Má torí router pa firewall kọ̀ǹpútà o! Àlejò tó bá gbé kọ̀ǹpútà tó ti kó fáírọ́ọ̀sì wá, tó wọ Wi-Fi yín, ti kọjá router ná.

Wọ inú router, pààrọ̀ password alábòójútó, kí o pa remote management (tó ń jẹ́ kí a darí router láti ìta) àti UPnP (tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ inú ilé ṣí port fúnra rẹ̀). Rí i pé firewall rẹ̀ fún IPv6, ẹ̀yà tuntun àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, ń ṣiṣẹ́.

Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà tí onílé fi sílẹ̀ ló ń kọ mí lóminú jù. Irú wọn ni fáírọ́ọ̀sì Mirai kó lẹ́rú ní 2016, password tí wọ́n bá ilé iṣẹ́ wá ló sì fi wọlé. Láti 29 oṣù Kẹrin 2024 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka irú password àjùmọ̀lò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, àmọ́ kámẹ́rà yẹn lè ti pẹ́ jù ú lọ. Bí kò bá ṣeé pààrọ̀, yọ ọ́.

Ya fọ́tò èsì náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ òní, kí o bo nọ́ńbà IP rẹ, àdírẹ́sì rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Màmá rẹ