Lẹ́tà Ìparí Táàmù Kẹta sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú òjò o. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè wọn.

Ìwé èsì ìdánwò yóò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwọlé di ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹsàn-án. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife eré ìdárayá.

Ọ̀rọ̀ omi tó ya wọ kíláàsì JSS 1 ló gba àlàyé. Àwọn òbí kan wá bá mi, wọ́n ní: “Ẹ gbowó kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wa, ẹ ní AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, yóò máa ṣọ́ àyíká. Báwo lomi ṣe wá ba ìwé ọmọ wa jẹ́?” Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ rí pé ẹ̀rọ ni yóò bá wa kó gọ́tà.

Flood Hub ti Google tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ìyẹn ìkànnì tó ń fi AI sọ ìkún omi ṣáájú, odò ló ń wò jù. Ó lè fi nǹkan bí ọjọ́ 7 sọ ṣáájú pé odò yóò kún, kí ará etídò tètè kó ẹrù. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé-ìwé wa kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a tú u, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà la bá, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹní. Àwa tí a wà ní Ìbàdàn ní 26 oṣù Kẹjọ 2011, tí àgbàrá pa èèyàn tó lé ní 100, kò yẹ kí a fi gọ́tà dídí ṣeré.

Ẹgbẹ́ Kọ̀ǹpútà wa wú mi lórí gidigidi. Wọ́n fi fọ́tò pàǹtí kọ́ fóònù kan kó lè dá ọ̀rá mọ̀ yàtọ̀ sí ike. Ṣe ló ń pe ewé mọ́ínmọ́ín ní ọ̀rá, torí kò sí ewé nínú fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ọmọbìnrin SS 1 kan ló fura, ó sì lọ ya ewé sí i nídìí igbá ìyá rẹ̀. Wọ́n tún ti kọ́ pé ilé ńláńlá tí kọ̀ǹpútà AI ń gbé ń jẹ iná, ó sì ń lo omi. Ohun tí owó yín rà nìyẹn, n kò sì ní tú ẹgbẹ́ náà ká.

Láti táàmù tó ń bọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò san ₦2,000 fún kíkó gọ́tà àti bíbò ó. Alágbàṣe ni yóò kó o. A ò ní ti ọmọ ẹnikẹ́ni sínú omi ìdọ̀tí. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kó wá rí mi kí ìwọlé tó dé, a ó pín in sí méjì. Òbí tó bá ju ọ̀rá sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ níwájú géètì wa, máìgádì yóò ní kó sọ̀kalẹ̀ wá ṣà á.

Ìwé tí omi bà jẹ́, a ti ra òmíràn. Ẹ wá gbà á ní láíbìrì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé